Obìnrin Tó Gbé Itan Àgbò Kọjá Ọ̀nà Tí Wọ́n Dí

Lọ́jọ́ kejì Iléyá, ní ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ dí ọ̀nà, ìyá tó bí bàbá mi gbé itan àgbò kan lérí, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìlobù dé Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Ọkọ̀ kankan kò gbà láti lọ. Ọlọ́kadà kankan kò gbà láti lọ. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà. Ó lọ, ó jíṣẹ́, ó sì padà kí wọ́n tó pe ìrun àsárì, pẹ̀lú apá àgbò mìíràn nínú abọ́ kan náà.

Orúkọ rẹ̀ ni Ràbíátù. Ó jáde láyé lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan lóṣù tó kọjá, nínú yàrá rẹ̀ ní Ìlobù. Àárọ̀ ọjọ́ kejì la sin ín ní ìlànà Mùsùlùmí. Ìfọ́n ni wọ́n bí i sí, Ìlobù ló lọ́kọ sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Ìlobù fi ń pè é ní Ìyàwó Ìfọ́n títí tó fi kú, tí àwọn ará Ìfọ́n sì ń pè é ní Ìyá Ìlobù. Bí ẹ bá bi í pé ibo gan-an ni tirẹ̀, á ní: "Ibi tí mo bá jókòó sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé ará ọ̀hún ni mí."

Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe, ó sì ti lé lógún ọdún. Kí n bi àwọn tọ́rọ̀ ṣojú wọn, kí n kọ ohun tí wọ́n bá sọ, ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn, ohun tí mo sì ṣe nípa Ìyá náà nìyẹn. Mi ò fẹ́ kọ ìgbésí ayé rẹ̀ láti ìbí dé ikú. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ọdún tí wọ́n bí òun. Ìwà rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, àti ọ̀rọ̀ kan tó fi sílẹ̀ tí kò tíì yanjú títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Iléyá ku ọjọ́ mẹ́jọ. Ọ̀nà tún ti di dídí láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n Ìyá kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù, Bàbá Sùlé, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, wà ní Ìfọ́n. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Kò lè wá síbi ìsìnkú àbúrò rẹ̀, kò sì tíì fojú kan sàréè rẹ̀. Ta ni yóò gbé itan ọdún yìí lọ bá a?

Irú ni Ìyá ń ṣe tà. Ẹni tó bá ń bọ̀ ní agbolé wa ti mọ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Á se hóró igbá, èso igi irúgbá, láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ lè bọ́, á fọ̀ ọ́ lómi mẹ́ta, á tún un sè, á wá fi ewé bò ó fún ọjọ́ méjì. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òṣogbo láti lọ tà á. Awakọ̀ kan tó máa ń gbé e sọ fún mi níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ pé: "Inú bọ́ọ̀tù la máa ń gbé agbọ̀n Ìyá sí. Síbẹ̀, ẹni tó bá jókòó níwájú náà á mọ̀ pé Ìyá wà nínú ọkọ̀."

Kò sí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ tó wá ṣọdún tó ń padà lọ láìgbé irú dání. Mo bẹ̀ ẹ́ nígbà kan pé kó má fún mi, nítorí ọkọ̀ akérò ni mo fẹ́ wọ̀ padà sí Èkó. Ó wé e sínú ewé, ó wé e sínú láílọ́ọ̀nù, ó tún fi aṣọ mi tó dára jù wé e. A ò tíì kúrò ní Ìbàdàn tí ọkùnrin tó jókòó tì mí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú wá nǹkan kiri.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe pé nǹkan kú sínú ẹrù yín?"

Ìyàwó rẹ̀ tó wà lẹ́yìn dá a lóhùn kí n tó la ẹnu: "Irú ni, ìwọ ọkùnrin yìí! Irú gidi! Àǹtí, ṣé ẹ máa tà nínú ẹ̀?"

Mo fún obìnrin náà ní ìdajì. Nígbà tí mo ròyìn fún Ìyá lórí fóònù, ó ní: "Ìdajì nìkan? O ò mọ èèyàn ṣe."

Iléyá lọdún tirẹ̀. Bó bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, fóònù kékeré rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kì í bi ọ́ pé ṣé wàá wá. Ọjọ́ tó o máa dé ló ń bèèrè. Lọ́jọ́ ìrìn-àjò gan-an, á máa pe kálukú ní wákàtí wákàtí. Èmi náà rò pé mo gbọ́n. Ní ọdún kan, iṣẹ́ dá mi dúró, mi ò tíì kúrò nínú yàrá mi ní Èkó nígbà tó pè.

"Àjíkẹ́, ibo lo dé?"

"Ìkirè, Ìyá."

"Ó dáa. Ra dòdò Ìkirè fún mi, gbígbóná. Gbé fóònù fún ẹni tó ń tà á kí n bá a sọ̀rọ̀, kó má baà ta tàná fún ẹ."

Mo ní nẹ́tíwọ̀kì kò dáa, mo sì pa fóònù. Ọjọ́ kejì ni mo tó gbéra. Mo ra dòdò ní Ìkirè lóòótọ́, mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún un. Ó tú u, ó fi ìka kàn án.

"Àná lo kọjá ní Ìkirè, òní ni wọ́n dín dòdò yìí. Nínú ìwọ àtòun, ta ló parọ́?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó fún mi lómi, ó jẹ́ kí n mu ún tán, kó tó sọ èyí tí mi ò lè gbàgbé: "Má parọ́ ọ̀nà fún ẹni tó ń retí ẹ. Ibi tó o bá ní o dé ni màá ti máa wá ẹ kiri bí nǹkan bá ṣe."

Ó ní òfin kan tó ń bí gbogbo wa nínú. Bí a bá ti kírun yídì dé, tí wọ́n sì ti pa àgbò, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹran sísè títí ẹni tó gbẹ̀yìn lójú ọ̀nà á fi wọlé. Ní ọdún kan, ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wọ̀ bàjẹ́ lẹ́yìn Ìwó. A jókòó ti ìkòkò láti ìyálẹ̀ta. Àwọn ọmọdé ń sunkún. Ẹnì kan dábàá pé ká kúkú jẹ ẹ̀dọ̀, nítorí ẹ̀dọ̀ kì í ṣe ẹran. Ìyá jókòó sórí àpótí nídìí ìkòkò, ó mú ọmọrí rẹ̀ sọ́wọ́ bí ẹni tó ń ṣọ́ báǹkì. Ẹ̀gbọ́n mi dé ní nǹkan bí aago mẹ́rin, eruku bò ó, òógùn bò ó. Ìyá kò kí i káàbọ̀. Ó kọjú sí wa, ó ní: "Ebi tó pa yín nílé, ìlọ́po méjì rẹ̀ ló pa ẹni tó wà lọ́nà. Ó yá, ẹ mú abọ́ wá."

Ẹni tí wọ́n jọ máa ń jà jù ni Bàbá Kékeré. Àbúrò ọkọ Ìyá ni, àgbẹ̀ ni, òun sì ni olórí agbolé wa báyìí. Nígbà tí Ìyá wọlé ọkọ, Bàbá Kékeré ṣì ń sá kiri àgbàlá ní ìhòòhò. Síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé, Ìyá kò pe orúkọ rẹ̀ rí. "Ọkọ mi" ló ń pè é. Bí wọ́n bá sì ń jà, ẹ ó máa gbọ́ "ọkọ mi" láàárín ọ̀rọ̀ líle bí ẹni tó ń bu oyin sínú àgbo.

Oko Bàbá Kékeré wà lára ilẹ̀ tí ìlú méjèèjì ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí dàgbà ju èmi tó ń kọ èyí lọ, kì í sì í ṣe ẹnu mi ni ẹ ó ti gbọ́ ẹni tó jàre. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Bàbá Kékeré pàdánù iṣu ọdún kan gbáko nítorí kò lè dé oko, àti pé láti ìgbà náà ni kò ti fẹ́ kí ẹran wa lọ sí Ìfọ́n mọ́. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ja ìjà yìí, nídìí pákó tí a ti ń gé ẹran. Mo gbọ́ ọ débi pé mo lè kà á lórí.

"Ìyàwó, ẹran wa kò ní lọ sí Ìfọ́n lọ́dún yìí."

"Ọkọ mi, ẹ kú ọdún."

"Mo ní ẹran wa kò ní lọ!"

"Mo gbọ́. Ẹ bá mi di etí abọ́ yìí mú, kí n lè dì í dáadáa."

Bàbá Kékeré á di abọ́ mú, á sì máa pariwo lórí rẹ̀. "Àwọn tó ń bá wa du ilẹ̀ lẹ fẹ́ lọ bọ́?"

Ní ọdún kan ni Ìyá fún un lésì tí gbogbo agbolé fi ń ṣàpèjúwe rẹ̀ títí dòní: "Ẹ̀yin lẹ̀ ń bá Ìfọ́n jà, ọkọ mi. Èmi, ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ bá ṣọdún."

Bí ètò náà ṣe rí ni pé itan ọ̀tún àgbò wa ń lọ sọ́dọ̀ Bàbá Sùlé ní Ìfọ́n, apá ọ̀tún àgbò tirẹ̀ sì ń bá wa padà. Ìyá ló ń gbé e fúnra rẹ̀. Àwa ọmọ tó wá láti ìdálẹ̀ á tò tẹ̀ lé e, a ó wọ ọkọ̀ títí dé ìta Ìfọ́n, a ó wá fi ẹsẹ̀ rìn wọ agbolé kí àwọn èèyàn lè rí wa. Nígbà tí mo wà lọ́mọ nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, mo bi í léèrè.

"Ìyá, ṣé ẹran wọn dùn ju tiwa ni?"

"Rárá."

"Ṣé wọn kì í pa àgbò ni?"

"Wọ́n ń pa á."

"Kí ló wá dé tí a ń gbé ẹran lọ, tí a tún ń gbé ẹran bọ̀?"

Ó dúró lójú títì. Ó tún òṣùká rẹ̀ tò. "Bí kò bá sí abọ́ lórí mi," ó ní, "wọ́n á ní kí ni mo wá wò."

Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ dí ọ̀nà, mo wà nílé. Wàhálà ti ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, ọ̀rọ̀ ti di kónílé-ó-gbélé ní alẹ́, àwọn ọlọ́pàá sì ti gbé igi dábùú ọ̀nà tó lọ sí Ìfọ́n. Gbogbo wa rò pé ọ̀rọ̀ itan ti parí. Bàbá Kékeré kò tilẹ̀ jà lọ́dún náà. Ó rò pé ọlọ́pàá ti bá òun ja ìjà náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Iléyá, Ìyá wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó da ìborùn funfun bo orí, ó gbé itan sínú abọ́, ó fi aṣọ mọ́mọ́ bò ó. Ó ní kí n gbé e ru òun. Mo ní, "Ìyá, ọ̀nà ti di." Ó ní, "Mo ní kó o gbé e rù mí."

Mo tẹ̀ lé e. Ọlọ́pàá tó wà nídìí igi náà kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ohùn Èkìtì ló fi ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ wà nínú ìwé mi títí dòní.

"Ẹ kú ọdún, Ìyá. Ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Ilé bàbá mi."

"Wọ́n ti dí ọ̀nà, Ìyá."

"Mo rí i. Ṣùgbọ́n àlàfo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibí yìí."

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì tún ojú le. Ó ní ká tú ohun tó wà lórí. Mo sọ abọ́ kalẹ̀. Ó ṣí aṣọ, ó rí itan, ó wò ó pẹ́ díẹ̀.

"Ìyá, ẹran yìí dára o. Ẹ ò ní gé díẹ̀ fún wa?"

"Èyí ti ní ẹni tó ni ín, ọmọ mi. Tìrẹ wà nílé. Ṣé o ò tíì jẹun ọdún ni?"

Ó wo ọ̀nà tó ṣófo lọ́hùn-ún, ó wo Ìyá. Ó ní Ìyá nìkan ló lè kọjá, kó yára, kó sì padà kí oòrùn tó rọlẹ̀. Mo fi káàdì iṣẹ́ mi hàn án. Ó dá a padà fún mi. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ dúró síbí."

Mo gbé abọ́ padà ru Ìyá. Ẹ̀rù bà mí, mi ò purọ́. Kò wẹ̀yìn títí ó fi rìn tó ìwọ̀n ilé mẹ́ta. Ìgbà náà ló tó yí gbogbo ara padà pẹ̀lú abọ́ lórí, ó sì ké sí mi: "Àjíkẹ́! Má dúró síbẹ̀ bí igi. Lọ gbé oúnjẹ wá fún ọmọ yẹn!"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mi ò fojú rí i. Káàmílù, ọmọ Ìfọ́n kan, ló sọ ọ́ fún mi. Iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe ní Òṣogbo, ó wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà Ìfọ́n lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ rèé:

"A rí nǹkan funfun tó ń bọ̀ láàárín títì. Títì yẹn, ewúrẹ́ gan-an ò gba ibẹ̀ kọjá fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnì kan ní ká sá. Mo ní, sá fún kí ni? Ó ní, bó bá jẹ́ iwin ńkọ́? Mo ní, ìwọ, iwin wo ló ń gbé abọ́? Ìgbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, Ìyá dúró, wọ́n wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, 'Ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n kí ni?' Gbogbo wa dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ̀yìn tí a dìde tán la tó rántí pé ó yẹ ká ti bi wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní, 'Ìyá, ará ibo ni yín?' Wọ́n ní, 'Ìwọ, ọmọ ta ni ẹ́?' Ó dárúkọ bàbá rẹ̀. Wọ́n ní, 'Mo wà níbi ìkómọ bàbá rẹ. Gba abọ́ yìí, ọrùn ń ro mí.' Bó ṣe gbé e tẹ̀ lé wọn dé ilé nìyẹn. A ò tún rí i kó bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà."

Bàbá Sùlé sọ ìyókù fún mi lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ohùn rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n iyè rẹ̀ pé. "Ọ̀ọ̀dẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀ kí n tó rí i. Mo ní, 'Ràbí, ta ló rán ẹ?' Ó ní, 'Ta ló tó rán mi?' Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àbúrò mi wá ní, 'Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi iyọ̀ sí ẹran mi. Mo ti fi iyọ̀ sí i.'"

Nígbà tí Ìyá ń padà bọ̀, ọkùnrin kan ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nídìí igi tí ọlọ́pàá gbé dábùú. Bàbá Kékeré ni. Ẹnì kan ti lọ sọ fún un, ó sì ti fi gbogbo ọ̀sán wo ọ̀nà náà. Ó sọ abọ́ kalẹ̀ lórí Ìyá fúnra rẹ̀, ó gbé e dé ilé. Níbẹ̀ ló ti tú u, tó sì ní: "Apá tí wọ́n fi ránṣẹ́ yìí kéré." Ìyá ní: "Ọkọ mi, ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀." Ó jẹ ẹ́.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yìn ín. Ní Ìlobù, àwọn kan ní ó lọ sọ àṣírí wa. Ní Ìfọ́n, àwọn kan ní amí ni. Obìnrin kan sọ ọ́ sí i létí lọ́jà. Ìyá gbé ìdì ewé tó fi ń wé irú kalẹ̀, ó ní: "Òótọ́ ni, amí ni mí. Mo lọ wò ó bóyá ẹ̀gbọ́n mi ti jẹun."

Ìyá kì í ṣe màláíkà. Agídí rẹ̀ pọ̀. Ó kọ̀ láti lo igi ìtìlẹ̀ fún ọdún méjì lẹ́yìn tí orúnkún rẹ̀ ti kọ̀, nítorí igi ìtìlẹ̀ ń sọni di arúgbó. Kì í yin èèyàn lójú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ohùn mi jáde lórí rédíò, gbogbo àdúgbò pé jọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀ láti gbọ́. Mo pè é lẹ́yìn ìròyìn, mo ń retí ìyìn. Ó ní: "Mo gbọ́ ẹ. O ń sáré jù. Ta ló ń lé ẹ?" Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé ó ti ra bátìrì tuntun sínú rédíò náà láti ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, ló tú àṣírí. "Kò jẹ́ ká gbọ́ nǹkan kan lórí ẹ̀," ó ní, "kó má baà tán kó tó kàn ẹ́."

Àbúrò bàbá mi yìí kan náà ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kú. Mo bi í ní ohun tí Ìyá sọ kẹ́yìn. Ó ní: "Wọ́n ní, 'Àgbò ọdún yìí ńkọ́?' Mo ní a ti rà á, ó wà lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní, 'Itan ọ̀tún.' Mo ní mo ti gbọ́, Ìyá. Ó tán."

Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn tí àwọn àlùfáà ti lọ, a jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ láti sọ̀rọ̀ itan náà. Bàbá mi ní kí a ṣe sùúrù di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká kúkú fi fóònù pe Bàbá Sùlé, kó rí ojú gbogbo wa, ìyẹn náà tó. Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ tán síbẹ̀. Mo wo Bàbá Kékeré, ẹni tó ti ń wí láti ọdún tó ti pẹ́ pé ẹran wa kò gbọ́dọ̀ lọ. Gbogbo wa mọ ohun tó máa sọ.

Ó ní: "Ta ni yóò gbé e?"

Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mo ní ta ni yóò gbé e? Ìyàwó mi yìí bá mi jà lórí itan àgbò lọ́dọọdún, kò sí ọdún kan tí kò borí mi. Ṣé ọjọ́ tó kú ni kí wọ́n wá máa sọ pé mo borí? Èmi kọ́! Ẹ wá ẹni tó máa gbé e!"

Mo ní èmi ni. Ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ìwọ tó dúró nídìí igi lọ́jọ́sí?"

"Èmi náà ni, Bàbá."

"Ó dáa," ó ní. "O ti mọ ibi tí ìrìn rẹ dé dúró. Ibẹ̀ ni wàá ti bẹ̀rẹ̀."

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni èmi àti Bàbá Kékeré jọ lọ bá àwọn aláṣẹ ààbò tó ń bójú tó ọ̀nà náà. Ó wọ agbádá, ó sì kọ̀ láti jókòó títí wọ́n fi dá wa lóhùn. Ọ̀gá tó gbà wá lálejò ní àwọn ìdílé mìíràn ti ń bèèrè ohun kan náà láti ìlú méjèèjì: ìyàwó tó fẹ́ kí ìyá rẹ̀, ọmọ tó fẹ́ rí àwọn ẹbí ìyá rẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó tíì gbà láti ṣáájú. Bàbá Kékeré ní kí wọ́n kọ orúkọ mi. Ọ̀gá náà bi í pé ta ni mò ń lọ bá. Bàbá Kékeré, tí mi ò gbọ́ kó dárúkọ ará Ìfọ́n kan sí rere rí, pe orúkọ Bàbá Sùlé pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ àti orúkọ agbolé rẹ̀, ó sì fi kún un pé: "Àna wa ni."

Kí a tó kúrò níbẹ̀, àwọn ìdílé yòókù ti ń fi orúkọ tiwọn sílẹ̀, ojú ìwé náà ti kún, wọ́n ti ṣí òmíràn.

Àwọn aláṣẹ ní ọ̀nà á ṣí lọ́jọ́ kejì Iléyá, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ilé kọ̀ọ̀kan tó bá kọ orúkọ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n á fi kọjá, èmi ni wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kó lọ. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá dá wàhálà sílẹ̀ ní ìlú yòówù kó jẹ́, àwọn á ti í padà lójú ẹsẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá sì lọ ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀, wọ́n ní ọjọ́ kẹta di ti àwọn ará Ìfọ́n tó fẹ́ wá sí Ìlobù. Orúkọ Bàbá Sùlé, tó fi ránṣẹ́ láti Ìfọ́n, ti wà níbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé sàréè àbúrò òun lòun ń lọ. Mo bi ọ̀gá náà pé báwo ni ẹni tó lé lọ́gọ́rin ọdún ṣe máa fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà yẹn. Ó ní kò ní rìn ín: ọkọ̀ àwọn á gbé e nílé rẹ̀ ní Ìfọ́n, á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà agbolé wa.